Kí O Tó Gbéṣẹ́ Sílẹ̀, Sọ Ibi Tí O Bá A Dé

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1986, wọ́n ń pa ẹ̀rọ kẹrin ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì Chernobyl ní Ukraine fún àtúnṣe, wọ́n sì fẹ́ dán an wò kí ó tó kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ló múra sílẹ̀. Àwọn tó ń pín iná ní Kiev ní kí wọ́n ṣì dúró, nítorí ará ìlú nílò iná. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òru tí kò múra tó. Ní aago 1:23 òru, ẹ̀rọ bú gbàmù.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ní àbùkù. Síbẹ̀, èrò wa ni pé iṣẹ́ tó léwu kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn láìsí àlàyé: kí ni a ti tì, kí ni a ṣí sílẹ̀, ta ló ṣì wà nínú?

Ilé wa náà ńkọ́? Ìyá fún ọmọ ní parasítámọ́ọ̀lù, kò sọ. Bàbá dé, ó tún fún un. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹ̀dọ̀ ọmọ lè bàjẹ́. Ẹ kọ aago àti ìwọ̀n oògùn sára páálí rẹ̀. Àmánà ni ọmọ.