Ẹ Yé Bi Wá Bóyá Ó Rẹwà

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan mọ́ tí ẹnì kan kò ní fi línkì ìsọ̀ orí ayélujára rẹ̀ sínú gúrúùpù WhatsApp ẹ̀ka wa. Ẹnì kan ń ta àdìrẹ, ẹlòmíràn ń ta wíìgì, ẹlòmíràn ń ta gàárì Ìjẹ̀bú àti ẹ̀pà inú ìgò. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń tẹ̀ lé línkì: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, kí ẹ sọ òótọ́ fún mi o.” Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, èsì ti ń rọ́ wọlé. “Ó dùn ún wò.” “O ṣiṣẹ́ gan-an.” “Olúwa yóò bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.” Àwòrán àtẹ́wọ́ mẹ́ta, àwòrán iná méjì. Ẹni tó ni ìsọ̀ dúpẹ́, a sì padà sórí ọ̀rọ̀ ìdánwò. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta sí i, ìsọ̀ ti kógbá wọlé, a kì í sì í bi ara wa léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Èmi kò gbà pé irọ́ ni àwọn tó dáhùn yẹn ń pa. Ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n ni wọ́n dáhùn. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, ta ni yóò wo ọmọ tuntun níwájú ìyá rẹ̀ tí yóò sọ pé imú ọmọ náà ti tóbi jù? Ẹni tó bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn wá, a ó yìn ín, a ó ṣàdúrà fún un. Ìwà ọmọlúàbí ni, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé a kò lè fi ìyìn yẹn ṣòwò. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lówó là ń ra èké. Lórí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ayélujára, owó gidi ni wọ́n ń kà sílẹ̀ lóòótọ́: ẹni tí a yìn yóò gbé owó tó yẹ kó fi san owó ilé ìwé, yóò fi ṣe ìpolówó lórí Facebook àti Instagram, kí èrò lè wọ́ wá sí ìsọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí.

Ẹ lọ sí Sábó ní Ṣàgámù nígbà tí obì bá pọ̀, kí ẹ wo bí òótọ́ ṣe ń jáde lẹ́nu oníbàárà. Òwò obì ti pẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, gbànja ni àwọn oníbàárà Hausa sì ń bá wa rà jù, òun ni wọ́n ń pè ní goro. Àwọn ìyá yóò bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣà á, kí wọ́n tó fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó o lọ sí òkè Ọya kò ní sọ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, màmá.” Yóò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, yóò mú ọ̀kan jáde, yóò là á, yóò sì na ojú ihò kòkòrò sí ẹni tó ń tà á. Bí owó bá pọ̀ lójú rẹ̀, yóò sọ. Bí wọn kò bá fẹnu kò, yóò yí ẹ̀yìn padà, màmá yóò sì pè é: “Ẹ máa bọ̀, èló lẹ fẹ́ san?” Kí ó tó di ọ̀sán, màmá ti mọ gbogbo ohun tó ṣe obì rẹ̀, láì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá sọ òótọ́ fún òun. Ojú oníbàárà yẹn mú nítorí pé àpò rẹ̀ ni owó ti fẹ́ jáde.

Orí ayélujára kò ní ìnájà. Ẹni tí nǹkan kò bá wọ̀ lójú kàn máa ń lọ ni, a kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ ká pè é padà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí Baymard ti ilẹ̀ Dẹ́ńmákì ti kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí wọ́n sì rí ni pé nínú 100 èèyàn tó ti fi ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ lórí ìsọ̀ ayélujára, nǹkan bí 70 ni kì í sanwó. Ìdí tó ń ṣíwájú nínú ohun tí àwọn èèyàn sọ ni pé owó àfikún, irú owó ìfijíṣẹ́ àti owó orí, ti pọ̀ jù. Nínú àwọn 70 yẹn, ẹ má retí ẹni tí yóò kọ lẹ́tà sí yín.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí a máa ṣe ni kí a yé béèrè èrò, kí a máa wo ọwọ́. Ẹ fún ẹni tí kò mọ̀ yín ní fóònù, ẹ ní kó ra nǹkan kan, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Jakob Nielsen, ọmọ Dẹ́ńmákì tó lo iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé èèyàn márùn-ún ti tó fún ìdánwò kan. Nínú ìṣirò tí òun àti Tom Landauer ṣe, ẹnì kan ṣoṣo máa ń jẹ́ kí a rí bí 31 nínú 100 àléébù ojú òpó kan, márùn-ún sì máa ń jẹ́ kí a rí bí 85. Kí a tún wọn ṣe, kí a tún wá márùn-ún mìíràn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti bá a jiyàn pé márùn-ún kéré, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ fún ilé ìfowópamọ́. Ní ti ọmọ ilé ìwé tí kò tíì fi han ẹnì kan ṣoṣo, àríyànjiyàn yẹn kò kàn án.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kíláàsì mi kan tó ń ta àdìrẹ gbà kí a gbé ìsọ̀ rẹ̀ kiri. Ìsọ̀ yẹn wà lára àwọn tí a yìn jù nínú gúrúùpù. A wá èèyàn márùn-ún tí kò mọ̀ wá rí: ìyá kan tó ń ta ìpara lọ́jà, télọ̀ kan ní Màkún, bábà kan, nọ́ọ̀sì kan, àti tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkẹ́nẹ́. Iṣẹ́ kan náà la rán gbogbo wọn: “Ẹ bá wa ra àdìrẹ kan, kí ẹ máa lọ títí yóò fi ku kí ẹ sanwó.”

Ìyá oníìpara kò rí nǹkan kan. Àwọn àwòrán inú ìsọ̀ náà wúwo, bí wọ́n ṣe jáde nínú kámẹ́rà ni wọ́n ṣe gbé wọn síbẹ̀, ojú fóònù sì funfun báláú títí màmá fi gbé e kalẹ̀ tó lọ dá oníbàárà tirẹ̀ lóhùn. Télọ̀ rí aṣọ, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó wá béèrè pé ọ̀pá mélòó ni. “Ẹyọ kan” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Télọ̀ kì í ra ẹyọ kan. Ó ní láti mọ̀ bóyá yóò tó bùbá àti ìró. Bábà yan aṣọ kíákíá, ìsọ̀ náà sì ní kó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ kó sì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ aṣínà. Ó ní, “Mi ò fẹ́ wọ ẹgbẹ́, aṣọ ni mo fẹ́ rà.” Nọ́ọ̀sì dé ibi àdírẹ́sì, wọ́n ń béèrè kóòdù ìfìwéránṣẹ́, àpótí náà kò sì gbà kó fi í sílẹ̀ lófìfo. Ta ló mọ kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ilé rẹ̀ ní Ṣàgámù? Ẹ̀yìn ilé epo, ilé onígéètì dúdú, bí a ṣe ń júwe ilé nìyẹn. Tíṣà nìkan ló dé òpin, ibẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ rí owó ìfijíṣẹ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó aṣọ. Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, “Ṣé wọ́n ti ń fi èyí pa mọ́ fún mi láti àárọ̀ ni?”

Iṣẹ́ tó le jù lọ́jọ́ náà ni pípa ẹnu mọ́. Ní gbogbo ìgbà ni ẹni tó ni ìsọ̀ fẹ́ na ọwọ́: “Ẹ tẹ ibẹ̀ yẹn, mà. Ó wà lókè, sà.” Mo ní láti máa fà á lápá. Bẹ́ẹ̀, kò ní sí níbẹ̀ láti júwe ọ̀nà fún ẹni tó bá ń rajà láti Ìṣarà ní agogo mẹ́wàá alẹ́.

Nígbà tí a parí, a bi ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pé báwo ni wọ́n ṣe rí ìsọ̀ náà sí. Àwọn márààrún ló dáhùn pé ó dára gan-an ni. Ìyá oníìpara tí kò rí ju ojú funfun lọ ṣàdúrà fún wa pẹ̀lú. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n kò ní gba èsì “ó dára” lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn lórí òwò.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó kan àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. “Add to cart” ni wọ́n kọ sórí bọ́tìnnì. Tíṣà wa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju èmi lọ, síbẹ̀ wọ́n wò ó títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ṣé ọmọlanke ni ẹ fẹ́ fi gbé e wá ni?” Ọmọ tó ń kọ́ èdè Yorùbá, tó ń ta aṣọ Yorùbá fún àwọn ìyá àti bàbá Yorùbá, kí ló dé tí kò lè kọ “Fi sápẹ̀rẹ̀” àti “Sanwó” síbẹ̀? Ẹ má sì gbà á lẹ́nu èmi náà. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ tún fi han èèyàn márùn-ún, bóyá wọn yóò tẹ̀ ẹ́.

Ibòmíràn tí òótọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn ìbéèrè tí ń bí wa nínú lórí WhatsApp. “Èló ni?” “Ṣé ẹ lè gbé e dé Ìperu?” “Ṣé mo lè san án sínú àkáǹtì?” A máa ń bínú pé àwọn èèyàn kì í ka nǹkan. Bí èèyàn mẹ́wàá bá béèrè iye owó, iye owó kò sí níbi tí ojú ń wò nìyẹn. Àṣà “ẹ kàn sí wa fún iye owó” yìí, tèmi ni pé kó kú. Ẹni tí kò rí iye owó máa ń rò pé wọ́n fẹ́ wo aṣọ ọrùn òun kí wọ́n tó dá iye lé e.

Ọ̀rọ̀ owó sísan náà ńkọ́? Láti ìgbà tí owó pépà ti wọ́n wa ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì pàápàá ti ń gba tíráńsífà, ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà wa sì mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Síbẹ̀ ẹ ó rí ìsọ̀ tó jẹ́ káàdì nìkan ló ń gbà. Nígbà tí Jumia àti Konga dé ní 2012, wọ́n rí i pé àwọn èèyàn kò fọkàn tán sísan owó fún ọjà tí ojú wọn kò tíì rí, wọ́n sì gbà kí wọ́n sanwó nígbà tí ọjà bá dé ẹnu ọ̀nà. Nílé wa níbí, àwọn méjì tó dá Paystack sílẹ̀ ní 2015, Shola Akinlade àti Ezra Olubi, ọmọ Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ ni wọ́n. Ibi tí owó ti ń há lọ́nà ni wọ́n gbájú mọ́, kì í ṣe ibi tí ojú ti ń jẹ̀gbádùn, ilé-iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà sì rà á ní 2020 ní iye tí ìròyìn sọ pé ó ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀nà mìíràn wà: kí ọ̀rẹ́ mẹ́wàá kọ ìyìn sábẹ́ ọjà, kí oníbàárà lè rò pé ọjà ń tà. Yàtọ̀ sí pé òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti Nàìjíríà, èyí tó jẹ́ ti 2018, kọ̀ kí oníṣòwò fi ọ̀rọ̀ tí kò jóòótọ́ tan oníbàárà jẹ, ẹni tó kọ́kọ́ ń tàn jẹ ni ẹni tó ni ìsọ̀. Yóò ka ìyìn tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀, yóò sì gbà á gbọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú gúrúùpù wa kò le. Ẹni tó bá fi línkì síbẹ̀, kó kọ ọ́ pé: “Ẹ ra nǹkan kan dé ibi ìsanwó, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ti dúró.” Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó jọ̀wọ́ kó fi àwòrán iná rẹ̀ sápò. Kí ẹni tó ni ìsọ̀ sì ra dátà fún àwọn tó bá bá a dán an wò, nítorí iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí ẹ ń gbé Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, ìyìn yín pọ̀, a dúpẹ́. Ẹ bá wa rà á láti ibẹ̀ kí a mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ kíláàsì mi ti kọ iye ọ̀pá sábẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan báyìí. Ó ti yọ ìforúkọsílẹ̀ àti kóòdù kúrò, ó ti fún àwọn àwòrán pọ̀, owó ìfijíṣẹ́ sí Ṣàgámù, Ìkẹ́nẹ́, Ìperu àti Ìṣarà sì ti wà lójú ewé àkọ́kọ́. Àwọ̀ aró tí gbogbo wa yìn kò yí padà, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú àwọn márùn-ún yẹn. Lóṣù yìí ó tún ń wá èèyàn márùn-ún mìíràn. Ọmọ ẹ̀ka wa kankan kò yẹ.