Kí kòkòrò má kùú sójú ọ̀nà: Ohun tó yẹ kí aboyún mọ̀ nípa àyẹ̀wò ojú ara

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan tó lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ bímọ ní ìlú Houston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pè mí lórí fóònù. Inú ń bí i gan-an. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, gbà mí o. Ọmọbìnrin mi kò ṣàìsàn, oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ 36, ni wọ́n bá ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n wé òwú mọ́ lórí bọ ojú ara rẹ̀, wọ́n tún fi kan ihò ìdí rẹ̀. Wọ́n wá ti igi náà bọ inú ike kékeré kan tí nǹkan dúdú kan dì sínú rẹ̀ bí ẹ̀kọ. Kí ni wọ́n ń wá? Kí sì ni dúdú yẹn?"

Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, mà. Ohun tó dára ni wọ́n ṣe fún un. Ohun dúdú yẹn gan-an, ká ní mo ti mọ iyì rẹ̀ nígbà kan ni, ìyá kan kì bá tí sunkún lójú mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Kòkòrò wo ni wọ́n ń wá?

Orúkọ rẹ̀ ni Group B Strep. Kòkòrò àìfojúrí ni, inú ìfun àti ojú ara ló máa ń gbé. Kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀, kì í sì í ṣe àìmọ́tótó ló ń fà á. Nítorí náà, kí ọkọ kankan má tìtorí rẹ̀ bá ìyàwó rẹ̀ jà. Ní Amẹ́ríkà, nínú aboyún mẹ́rin, bí ẹyọ kan ló ń gbé e kiri, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní mọ̀, torí kì í sábà yúnni, kì í sábà dunni.

Ọmọ ni ewu rẹ̀ pọ̀ fún. Bí ọmọ bá ń gba ojú ara ìyá rẹ̀ kọjá, ó lè kó kòkòrò yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ṣe ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn díẹ̀, tàbí ẹ̀dọ̀fóró wọn, tàbí awọ tó bo ọpọlọ wọn, láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pàápàá jù lọ láàárín wákàtí 24. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè kú, tàbí kí etí rẹ̀ di títí ayé.

Láti ọdún 2002 ni àjọ CDC ti Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n máa yẹ gbogbo aboyún wò fún un. Ọ̀sẹ̀ 36 tàbí 37 ni wọ́n ń ṣe é báyìí. Bí wọ́n bá rí i, pẹnisílíìnì ni wọ́n máa ń fa sínú iṣan ìyá bó bá ti ń rọbí, ó sì dára kó tó wákàtí mẹ́rin kí ọmọ tó dé. Àjọ náà ní bí ìyá tó ní kòkòrò yìí kò bá gba abẹ́rẹ́, ọmọ 1 nínú 200 ló ń ṣàìsàn. Bó bá gbà á, ọmọ 1 nínú 4,000 ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba kì í yẹ gbogbo aboyún wò. Níbí náà, kì í ṣe àyẹ̀wò gbogbo aboyún. Dókítà ló máa ń sọ pé kí wọ́n ṣe é bí ìdí bá wà.

Ohun tí ojú mi rí

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọsibítù kan tí n kò ní dárúkọ, ìyá kan wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú ní ọjọ́ kẹta tó dáyé, kò sẹ́ni tó mọ kòkòrò tó pa á. Dókítà ní kí a fi igi olówùú mú nǹkan lójú ara rẹ̀ lọ sí láábù. Èmi ni mo mú un. Ọ̀sán Jímọ́ ni. Ike olóhun dúdú yẹn ti tán, mo bá ti igi náà bọ inú ike gbígbẹ, mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, torí láábù ti tì. Oòrùn Sátidé pa á, oòrùn Sọ́ńdè pa á. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n tó gbé e lọ.

Èsì dé: kò sí kòkòrò tó hù. Ìyá yìí jó, èmi náà bá a jó.

Ó bí ọkùnrin. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí kò gba ọmú mọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí láábù, Group B Strep ló hù níbẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú, ọmọ náà yè lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé bí ìyá rẹ̀ ṣe wò mí lójú, tó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣebí ẹ ní kò sí kòkòrò lára mi?"

Ẹja àrọ̀ inú ike

Ọ̀gá kan ní láábù ló là mí lóye. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, bí o bá ra ẹja àrọ̀ lọ́jà, tí o fẹ́ kó délé láàyè, ṣé inú àpò gbígbẹ lo máa jù ú sí?" Mo ní rárá o, omi ni mo máa bù sí ike fún un. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò. Láábù ní láti gbìn ín kó hù kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀ àti oògùn tó lè pa á. Èyí tó ti kú sójú ọ̀nà kò lè hù. Ìwé á wá sọ pé kò sí kòkòrò, bẹ́ẹ̀ ó wà lára ìyá.

Ohun dúdú inú ike ni omi ẹja àrọ̀ náà. R. D. Stuart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní 1954, C. R. Amies sì tún un ṣe ní 1967. Èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná ló jẹ́ kó dúdú, òun ló ń fa oró tó lè pa kòkòrò mọ́ra. Iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí oúnjẹ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí oúnjẹ bá wà níbẹ̀, àwọn kòkòrò mìíràn á pọ̀ débi tí wọ́n á bo èyí tí à ń wá mọ́lẹ̀. Group B Strep lè wà láàyè nínú rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ooru máa ń dín wọn kù. Fíríìjì ló dára jù, kí láábù sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ láàárín wákàtí 24.

Bó bá dé láábù ni oúnjẹ tó kàn án. Wọ́n á tì í bọ inú omi ẹran kan tí wọ́n ń fi ọkàn màlúù sè, irú èyí tí Todd àti Hewitt ṣe ní 1932. Wọ́n á ti fi oògùn tó ń dá àwọn kòkòrò ìfun mìíràn dúró sínú rẹ̀, oògùn tí kì í pa Group B Strep. Ó dà bí ìgbà tí a ro oko kí àgbàdo lè rí àyè hù. Ó máa lo wákàtí 18 sí 24 nínú ooru tó bá ti ara ènìyàn mu, kí wọ́n tó gbé e sórí àwo tí wọ́n fi agar àti ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ṣe. Láábù tó bá fo omi ẹran yìí, tó lọ sórí àwo tààrà, lè pàdánù tó ìdajì àwọn ìyá tó ní kòkòrò náà.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ jẹ́ kí n fi èyí dá yín lára yá: láti ilé ìdáná ni agar ti dé láábù. Inú ewéko òkun ni wọ́n ti ń rí i. Ní 1881, Walther Hesse ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Koch ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ohun tí wọ́n ń gbin kòkòrò sí sì ń yọ́ bí ooru bá mú. Fanny, ìyàwó Hesse, ló sọ fún un pé kó gbìyànjú agar tí òun fi ń mú oúnjẹ dì ní ilé ìdáná. Títí dòní, òun náà ni gbogbo láábù ayé ń lò.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ẹ má lo oògùn apakòkòrò kankan kí ẹ tó lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí ẹ bá ti lò ó, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, ẹ má tijú.

Ẹ béèrè pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ike tó ní ohun tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò kú wà? Ìgbà wo ló máa dé láábù?" Bí láábù bá ti tì, tí kò sì sí fíríìjì, ó sàn kí ẹ padà wá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ gbé e lọ, ẹ má yà sí ọjà, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò.

Ti ìtọ̀ náà kò yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dànù, ẹ gbe ti àárín, kó dé láábù láàárín wákàtí méjì. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó wà nínú fíríìjì, kó má sì ju wákàtí 24 lọ. Bí wọ́n bá rí Group B Strep nínú ìtọ̀ yín nínú oyún yìí, ẹ rán wọn létí lọ́jọ́ ìrọbí, kódà bí ẹ ti lo oògùn rẹ̀ tán.

Bí wọ́n bá rí i lójú ara, ẹ má lọ máa gbé kápúsù mì nílé. Kòkòrò náà á tún padà. Abẹ́rẹ́ ìgbà ìrọbí ló ń gba ọmọ là. Bí pẹnisílíìnì bá máa ń bá yín lára jà, ẹ tètè sọ, kí láábù lè wo oògùn mìíràn tó lè pa á.

Lékè gbogbo rẹ̀, ohunkóhun tí ìwé láábù ì báà sọ, ọmọ tuntun tó bá ń kérora, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí kò mu ọmú, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó tutù jù, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró se àgbo.

Ìyá tó pè mí láti Houston tún pè lánàá. Wọ́n rí kòkòrò náà lára ọmọ rẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sínú fáìlì, wọ́n sì ti ṣètò abẹ́rẹ́ sílẹ̀ de ọjọ́ ìrọbí. Ọmọkùnrin ọjọ́sí náà ti di géńdé báyìí, ìyá rẹ̀ sì ti dárí jì mí tipẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, n kò fi igi olówùú sínú ike gbígbẹ mọ́.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.