Àlejò Tí Kì í Jẹ Ẹran

Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ pé ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ibi tí ẹni tí kì í jẹ ẹran lè bẹ̀ wò. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ yunifásítì ẹlẹgbẹ́ mi. Wọn a sì máa fi ọ̀rọ̀ náà yangàn, bí ẹni pé ìwà akọni ni kí ènìyàn má lè jẹun láìsí ẹran. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òótọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ìdí sì nìyí tí n kò fi lè dákẹ́.

Ní ọdún 2018, ọ̀jọ̀gbọ́n kan, onímọ̀ èdè bíi tèmi, wá kí mi láti ilẹ̀ Íńdíà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò fi ẹran tàbí ẹja kan ẹnu rí; bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé wọn nìyẹn. Mo mú un lọ wo Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Lẹ́yìn náà ni a gba ọ̀nà Ọbájánà wá sí Kàbà, ìlú àwọn Owé, ní ilẹ̀ Okun tí wọ́n ti bí mi, kí ó lè rí ààfin Ọbaro àti àwọn òkè tí wọ́n yí ìlú náà ká. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń fọ́nnu fún un pé ilé iṣu ni ó ń lọ.

Ní búkà àkọ́kọ́ tí a yà sí, mo ṣàlàyé fún obìnrin tí ó ń bu oúnjẹ pé àlejò mi kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja. Ó ní kò sí wàhálà. Ó bu ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sínú àwo, ó fi ṣíbí ṣa ẹran kúrò nínú rẹ̀, ó sì gbé e síwájú ọkùnrin náà. Nígbà tí mo sọ fún un pé omi ẹran ni wọ́n fi se ọbẹ̀ náà, ó wò mí tìyanu-tìyanu: "Bàbá, ṣé omi ni ẹ tún ń pè ní ẹran?" Ní búkà kejì, edé lílọ̀ ni ó wà nínú ẹ̀fọ́. Ní ẹ̀kẹta, ẹja ni ó wà nínú mọ́ínmọ́ín. Ẹni tí ó ni ẹ̀kẹrin fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá ara àlejò mi ni kò yá, àbí owó ni kò tó wa. Búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ sùn ní ilé iṣu. Èmi tí mo ń fi àṣà Yorùbá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: láti ìgbà wo? Gbogbo wa ni a mọ̀ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ wá ẹran nínú òwe yìí, ẹ kò ní rí i. Nígbà tí àwọn baba wa ń to oúnjẹ ní ipò-ipò, wọn kò ka ẹran mọ́ ọn. Ta ni ó fi ẹran sínú ẹ̀kuru? Ta ni ó fi sínú àdàlú, àbí nínú àkàrà? Irú ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí a gbé fún Mágì àti omi ẹran lónìí. Ní àsìkò òjò, ẹni tí ó bá he olú lóko kò tún wá ẹran fún ọbẹ̀ ọjọ́ náà. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri ńkọ́? Àlejò mi ní irú rẹ̀ kò wọ́n ní ilé àwọn. Kò sí ẹni tí ó rántí láti fi lọ̀ ọ́ nínú búkà mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ èèwọ̀ ni ó tilẹ̀ dùn mí jù. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá ní èèwọ̀ òun ni nǹkan kan, ọ̀rọ̀ parí. A kì í bi í bóyá ìṣẹ́ ni ó ń ṣẹ́ ẹ. Oúnjẹ Ọbàtálá, àtẹ́ ni. Ẹni tí ó ń sè é mọ̀ pé iyọ̀ kò gbọdọ̀ kàn án, kò sì sí ẹni tí yóò bu iyọ̀ sí i tán tí yóò wá ní òun ti ṣà á kúrò. Ìmọ̀ yẹn ni obìnrin búkà yẹn kò ní, n kò sì dá a lẹ́bi. Àwa tí ó yẹ kí a kọ́ ọ ni a kò kọ́ ọ.

Àlejò mi sọ fún mi pé ojú òun ti kọ́kọ́ rí tó bẹ́ẹ̀ ní Bangkok, olú-ìlú Táílándì, nítorí omi ẹja ni wọ́n fi ń dá adùn sí ẹ̀fọ́ níbẹ̀, bí a ṣe ń fi edé ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹnì kan fi àsíá pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí hàn án, tí àwọ̀ aṣọ rẹ̀ gan-an jẹ́ ti ìyeyè pípọ́n. Ilé oúnjẹ tí ó bá ta àsíá náà, ẹran àti ẹja kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò rẹ̀. Àwọn ará Táílándì ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹja, síbẹ̀ wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kì í jẹ ẹ́. Kí a má tilẹ̀ lọ jìnnà, ní Yunifásítì Babcock, ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, oúnjẹ tí kò ní ẹran ni àwọn ìjọ Adventist ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn.

Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ: pé olùkọ́ yìí fẹ́ kí a padà sí oúnjẹ ìṣẹ́, pé ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Èmi alára ń jẹ ẹran. Ṣùgbọ́n kí àwọn tí wọ́n ń fi ẹran ṣe àṣà wa rántí ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ nígbà náà. Àgbàlagbà ni. Wọ́n ní ọmọ tí a bá fún ní ẹran yóò di olè. Ẹ̀wà, ẹ̀gúsí àti irú ni ó fún ọ̀pọ̀ nínú wa ní amúaradàgbà tí a fi dàgbà. Kí ni ó wá sọ wọ́n di ohun ìtìjú?

Ní ọjọ́ kejì, mo mú àlejò mi lọ sí ilé ìyá kékeré mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó kí wa ní "Okun o", ó gbọ́ ẹjọ́ wa, ó sì wọ ilé ìdáná lọ. Iyán ni ó gbé jáde, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ó fi irú àti ewúro sè. Ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ ẹ́ tán, ó tún tọrọ sí i. Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé ooru mú, ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ ìyá ti ti ilẹ̀kùn iwájú ilé. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀:

"Ṣé kí àwọn ará àdúgbò wá rí i pé ọmọ mi mú àlejò wá láti òkè òkun, tí mo sì gbé iyán fún un láìsí ẹran?"