ONÍṢÒWÒ TÓ BA ÀDÚGBÒ JẸ́, ỌJÀ ARA RẸ̀ LÓ BÀ JẸ́

Àwọn kan máa ń sọ pé èrè nìkan ni iṣẹ́ oníṣòwò, pé ti ìjọba ni ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó àti àlàáfíà ìlú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ti ń tajà náà ni à ń gbé, àwọn tí à ń tà fún sì ni aládùúgbò wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, odò Ògùnpa sì kún kọjá ààlà. Òjò nìkan kọ́ ló fà á. Àwọn ènìyàn ti kọ́lé sí bèbè odò, wọ́n sì ti fi pàǹtí dí ojú ọ̀nà omi. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ, ilé wó, ọjà ṣòfò. Omi kò béèrè ẹni tó da pàǹtí àti ẹni tí kò dà á.

Ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò yàtọ̀. Ní ọdún 1993, ilé-iṣẹ́ epo Shell kúrò ní ilẹ̀ Ogoni nítorí ìbínú àwọn ará ibẹ̀ lórí ilẹ̀ àti odò wọn tó bàjẹ́. Epo wà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè wà á mọ́. Ní Bodo, ní ilẹ̀ Ogoni kan náà, epo tú jáde láti inú páìpù lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún 2008, ó sì ba iṣẹ́ àwọn apẹja jẹ́. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí London. Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san 55 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ǹjẹ́ títún páìpù ṣe lásìkò kò ní dín ìnáwó kù bí?

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú wa. Mẹ́káníìkì tó ń da ọ́ìlì dúdú sẹ́bàá kànga, omi tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò mu ló ń bà jẹ́. Alápatà tó ń da ẹ̀jẹ̀ sí gọ́tà, òórùn rẹ̀ ni yóò lé oníbàárà sá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ péye, tó sì ń san owó òṣìṣẹ́ lásìkò, àdúgbò ni yóò máa bá a polówó ọjà. Bí olè bá yọjú lóru, àdúgbò náà ni yóò bá a lé e.

Mo mọ̀ pé ó ń náni lówó. Bí agbára ẹnì kan kò bá ká a, kí oníṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tàbí mẹ́rin dáwó jọ láti san owó akólẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wádìí ibi tí pàǹtí ọjà yín ń lọ. Àwa ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ náà, ẹ má jẹ́ kí a da ọ̀rá sí gọ́tà. Bí a bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni a ó tẹ̀.