A Kì Í Ti Kọ́ọ̀tù Bọ̀ Ṣọ̀rẹ́: Ta Ló Bá Yín Ṣọ̀rẹ́ ní DWP?

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, mo tún gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Peckham ní London, kò sì sẹ́ni tó já a ní koro. Bí lẹ́tà bá ti dé pé wọn kò fún aláìsàn kan ní PIP, owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń san láti ọdún 2013 fún ẹni tí àìsàn tàbí àbùkù ara ń dí lọ́wọ́, ojú ẹsẹ̀ ni àgbà kan á ti gbẹ́nu lé e: ẹ gba kámú, a kì í bá ìjọba ṣẹjọ́, a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kàn ń dá ara rẹ̀ lágara ni, pé dókítà ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé ohun tí òyìnbó bá ti kọ sílẹ̀ ti di òfin. Ohun tí wọ́n ń wí nìyẹn. Mi ò ní bá wọn tún un ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹbí àti ará àdúgbò ni wọ́n pa òwe yẹn fún, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń du ilẹ̀ baba wọn, tí wọ́n ṣì máa jọ jókòó síbi òkú kan náà lọ́la. DWP, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń san PIP, kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni. Òfin ilẹ̀ yìí fúnra rẹ̀ ló sọ pé ẹni tí ìpinnu wọn kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ síwájú First-tier Tribunal, tìrìbúnà tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gba ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ kò ya aláfojúdi.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti dókítà tí wọ́n ní ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà wo? Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ọ̀sì ni, tàbí ẹni tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú iṣan àti eegun, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tí ìjọba gbé iṣẹ́ náà fún. Orí fóònù ló sì ti ń béèrè ọ̀rọ̀ nígbà púpọ̀. Kò rí aláìsàn náà rí, ó lè má tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láé. Ó kọ ìròyìn ránṣẹ́, òṣìṣẹ́ DWP kan ka ìròyìn náà, ó sì pinnu. Òun ni ẹ̀ ń pè ní àṣẹ tí kò ṣeé yí padà yẹn!

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá ẹni ọdún 59 kan tí làkúrègbé ti ká lọ́wọ́ kò. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù bi í pé báwo ni ara. Kí ni ìyá Yorùbá máa dáhùn? "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ara ń mókun." Ẹnu rẹ̀ kò ní pe àìsàn mọ́ ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ṣé ẹ máa ń se oúnjẹ? "Mò ń gbìyànjú." Ẹni náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè se oúnjẹ, DWP sì fún un ní àmì òdo. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló ń bá a sẹ́ ìrẹsì, torí àtìgbà tí omi gbígbóná ti dà sí i lẹ́sẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ìgbà tó ro àmàlà gbẹ̀yìn, tàbí kí ló dé tí àga fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Àwọn ìka rẹ̀ kì í ká títí ọ̀sán á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n. Òdo! Fún ìyá tí kò lè te ẹ̀bà tí òun fúnra rẹ̀ máa jẹ!

Bẹ́ẹ̀, òfin PIP kò béèrè bóyá ènìyàn lè ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan kó wá máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní kó lè ṣe é láìséwu, kó ṣe é dáadáa tó, kó lè tún un ṣe níye ìgbà tó yẹ, kí àkókò tó fi ṣe é má sì ju ìlọ́po méjì ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lójú òfin, kò lè ṣe é nìyẹn, bó bá ti rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tó ju ìdajì lọ. Ẹni tó nílò kí wọ́n bá a dá sí ìdáná ní àmì 4, ẹni tí kò lè se é rárá ní 8, 8 náà sì ti tó láti gba owó ìtọ́jú ojoojúmọ́.

Tìrìbúnà ni wọ́n ti máa ń wá bi í ní ìbéèrè ìkòkò. Ènìyàn mẹ́ta ló máa ń jókòó: adájọ́ kan, dókítà kan, àti ẹni kan tó mọ ohun tí àbùkù ara jẹ́. Kò sí òṣìṣẹ́ DWP nínú wọn. Wọn ò sì ní fọwọ́ lu ìròyìn àkọ́kọ́ kí wọ́n dìde. Àwọn fúnra wọn ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí DWP ṣe ìpinnu. Nínú ẹjọ́ PIP tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, ó ti pé ọ̀pọ̀ ọdún tí èyí tí olùpẹjọ́ ń borí ti ń ju ìdajì lọ, ẹni tó bá sì fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ń rí ojúure ju ẹni tó fi ìwé nìkan ránṣẹ́ lọ. Ẹ wá ní ó ń dá ara rẹ̀ lágara?

Owó ńkọ́? Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Wọ́n á wá ògbufọ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé ìgbélùú? Ẹni tí ìwé rẹ̀ fàyè gba bẹ́nífíìtì, ẹjọ́ kì í bà á jẹ́. Kó kúkú kọ fọ́ọ̀mù tuntun? Owó àwọn oṣù tó ti kọjá lọ á ṣègbé. Ẹni tí wọ́n ti fún ní díẹ̀ tó ń fẹ́ sí i nìkan ló yẹ kó kọ́kọ́ bi Citizens Advice, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, léèrè, torí tìrìbúnà lè dín in kù.

Oṣù kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà, kí ènìyàn fi ní kí DWP tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Àtúngbéyẹ̀wò yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ padà, nítorí lẹ́tà kejì náà máa ń ní rárá. Lẹ́tà kejì yẹn gan-an lẹ ó mú wọ tìrìbúnà, láàárín oṣù kan mìíràn, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù SSCS1 tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ kọ ìdí tó fi pẹ́ síbẹ̀. Wọ́n ṣì lè gbà á. Bí tìrìbúnà náà bá wá ṣi òfin lò, Upper Tribunal wà lókè rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tó ń pòwe fún aláìsàn, ẹ gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ẹ bá a kọ fọ́ọ̀mù, kẹ́nìkan nínú yín sì bá a lọ lọ́jọ́ ẹjọ́.