Ta ló ń yan ọjọ́ ìsinmi? Òfin, òṣùpá àti ẹnu ìjọba

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9, àti Ọjọ́rú, ọjọ́ 10, fún ìsinmi ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ṣú, wọn kò rí oṣù. Ọjọ́rú ni wọ́n kírun yídì, ni ìjọba bá tún fi Ọjọ́bọ̀ kún un. Inú òṣìṣẹ́ dùn, àmọ́ ẹni tó ti fi Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ tí yóò wọkọ̀ láti abúlé lọ sí báǹkì, ètò rẹ̀ ti dàrú.

Ta ló wá ń yan ọjọ́ wọ̀nyí? Òfin Ọjọ́ Ìsinmi ilẹ̀ Nàìjíríà ti to àwọn tó wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́sẹẹsẹ. Ó tún fún Ààrẹ lágbára láti ya ọjọ́ mìíràn sọ́tọ̀, ó sì fún gómìnà lágbára bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé ló ń gbẹnu ìjọba àpapọ̀ kéde.

Agbára gómìnà yìí kì í ṣe kékeré. Òun ni àwọn ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá fi ń sinmi ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ní ìrántí ìbò ọdún 1993 tí wọ́n fagi lé mọ́ Olóyè M.K.O. Abíọ́lá lọ́wọ́, kí Ààrẹ Muhammadu Buhari tó buwọ́ lu òfin tó sọ ọ́ di Ayájọ́ Ìjọba Àwa-ara-wa ní 2019. Òun náà ni Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun lò fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 2023.

Bí ayájọ́ bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, ìjọba sábà máa ń sún ìsinmi sí ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Àìkú ni Ayájọ́ Òmìnira ọdún 2023. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, ni wọ́n fi sinmi.

Ti òṣùpá ló ń fa awuyewuye. Ọdún Àjíǹde náà ń tẹ̀lé òṣùpá, àmọ́ ìṣirò ni ṣọ́ọ̀ṣì fi ń mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ojú ni àwọn Mùsùlùmí fi ń wá tiwọn, Súlítánì Sókótó ló sì ń kéde rẹ̀. Síbẹ̀, oṣù kì í dín ní ọjọ́ 29, kì í sì í ju 30 lọ. Bí ààwẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, ó ti hàn pé ọjọ́ 9 tàbí 10 oṣù kẹrin ni ọdún yóò jẹ́. Iléyá tiẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọjọ́ kẹwàá oṣù ni: bí wọ́n bá ti rí oṣù, ó ṣì ku bí ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Nítorí náà, ẹ̀bi òṣùpá kọ́, ìkéde ló ń pẹ́. Olówó oṣù kì í pàdánù kọ́bọ̀. Alágbàṣe àti ẹni tó wá láti oko ló ń fara gbá a. Bí ìjọba bá ń kéde ọjọ́ méjèèjì tí ọdún lè bọ́ sí látìgbà tí ààwẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, kálukú yóò mọ ètò tí yóò ṣe. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.