Ǹjẹ́ Irọ́ Ni Àwòrán Alárà?

Àwọn kan láàárín wa ní irọ́ ni àwòrán fóònù tí ẹnì kan ti fara hàn lẹ́ẹ̀mejì. Èmi kò gbà. Ètò "panorama", tí a ṣe fún àwòrán gbọọrọ, ni àwọn ọ̀dọ́ ń ṣì lò: bí fóònù ti ń yí lọ, ẹni tí wọ́n ń yà á sáré gba ẹ̀yìn ayàwòrán lọ dúró níwájú.

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní nǹkan bí ọdún 1975, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè tún jókòó pọ̀. Òbí wọn mọ̀. A kò tàn wọ́n. Irọ́ ha nìyẹn?

Ẹ dárà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ pé àrà ni.